Ọkàn Tuntun, Àtọ̀gbẹ Àtijọ́: Àkọsílẹ̀ Aláìsàn Kan ní Àkúrẹ́

Oníṣòwò kòkó ni aláìsàn yìí, ẹni ọdún 51, ará Àkúrẹ́. Àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀ fún ọdún 9, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà ọkàn, kò lè gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ láìdúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Ìrọ̀rí mẹ́ta ló fi ń sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì wú dé orúnkún. Àyẹ̀wò echo, èyí tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn, fi hàn pé nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ìyẹ̀wù òsì ọkàn rẹ̀, ìdá 18 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń tì jáde bó bá lù. Ọkàn tó dá ṣáṣá máa ń tì ju ìdá 50 lọ. Wọ́n wo iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn náà l'Ékòó, wọn kò rí ibi tó dí. Ẹran ọkàn fúnra rẹ̀ ló ti fẹ̀, tó sì ti dẹ̀.

Gbogbo oògùn tó yẹ ló lò: sacubitril/valsartan, carvedilol, spironolactone, dapagliflozin, àti furosemide tó ń fa omi jáde. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n gbé e wọ ọsibítù láàárín oṣù 12. Nígbà kẹrin, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já sí 84/56, dobutamine, oògùn tó ń ti ọkàn, tí wọ́n ń kán sí i lára ló gbé e dìde. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ ọkàn ti wọlé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ ta kò ó. Ó ní, "Dókítà, ẹ dákun, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, egbò ẹsẹ̀ lásán kì í tètè jinná lára rẹ̀. Ṣé àyà ni ẹ wá fẹ́ là?" Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, torí fún ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ilé ìwòsàn ńlá náà ń fi ìdí yẹn dá alátọ̀gbẹ padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé Louis Washkansky, ẹni tí Christiaan Barnard kọ́kọ́ pààrọ̀ ọkàn fún ní Cape Town ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1967, ní àtọ̀gbẹ. Ọjọ́ 18 ló lò. Òtútù àyà ló pa á, lẹ́yìn tí oògùn ti rẹ àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ara má bàa kọ ọkàn tuntun náà. Ọkàn náà ṣì ń lù dáadáa títí di ọjọ́ tó kú. Àrùn tó ń wọlé lẹ́yìn ìpààrọ̀, àti oògùn tó ń ṣílẹ̀kùn fún un, ló yẹ kí ẹbí máa bẹ̀rù ju abẹ lọ. Dókítà náà sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, kò fi nǹkan kan pa mọ́.

Oṣù márùn-ún kí orúkọ tó wọ ìwé

HbA1c rẹ̀, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láàárín bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, jẹ́ 9.1%. Nínú ìlànà tí ISHLT, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń pààrọ̀ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, gbé jáde ní ọdún 2016, bí iye yìí bá ju 7.5% lọ lẹ́yìn tí a ti sa gbogbo ipá, tàbí tí àtọ̀gbẹ bá ti ba ẹ̀yà ara jẹ́, ìdí wà láti fà sẹ́yìn. Dókítà tí wọ́n fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí ní gúúsù Íńdíà dáhùn ní ọ̀rọ̀ kan: ẹ kọ́kọ́ tún ṣúgà ṣe. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, kò sí ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọkàn ní Nàìjíríà, nítorí náà èsì yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ mú lò.

Wọ́n yọ glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ tó ti ń lò, kúrò, torí ó máa ń pẹ́ lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń rẹ̀, ó sì lè já ṣúgà wálẹ̀ ní òru. Wọ́n fi metformin sílẹ̀, dapagliflozin 10 mg náà wà níbẹ̀. Pioglitazone kò tilẹ̀ wá sí ọ̀rọ̀, nítorí ó ń dá omi dúró sínú ara. Wọ́n fi insulin glargine kún un ní alẹ́, ìwọ̀n (unit) 10, wọ́n ń fi 2 kún un ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta títí ṣúgà òwúrọ̀ fi bọ́ sáàárín 80 sí 130 mg/dL. Ó dúró sórí 24.

Oúnjẹ ni iṣẹ́ tó le jù. Ní ilé àwọn Àkúrẹ́, ẹni tó bá ní kí bàbá má jẹ iyán mọ́ ti pàdánù aláìsàn náà lọ́jọ́ kìíní. Onímọ̀ oúnjẹ tó bá wọn sọ̀rọ̀ kò fòfin de iyán. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ máa bù ú bí ìkúùkù rẹ̀ kan, ní ọ̀sán nìkan, kí ẹ̀fọ́ inú àwo jẹ́ ìlọ́po méjì iyán, kí iyọ̀ àti mágí inú ọbẹ̀ sì dín kù nítorí omi ara. Ó tún sọ pé púpurù àti ẹ̀bà kò fúyẹ́ ju iyán lọ, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ní oṣù karùn-ún, HbA1c di 7.2%.

Láàárín oṣù márùn-ún yẹn kan náà ni wọ́n yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò. Àtọ̀gbẹ ti fọwọ́ kan ẹ̀yìn ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun kò tíì hù níbẹ̀. Ìpele yẹn kò dí ìpààrọ̀ lọ́wọ́. Agbára kíndìnrín rẹ̀, eGFR, jẹ́ 58. Bó bá jẹ́ pé kò tó 30 ni, wọn ì bá máa ronú lórí kíndìnrín pẹ̀lú ọkàn. Ìdènà inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ 2.4 ní òṣùwọ̀n Wood. Bí èyí bá kọjá 3, ọwọ́ ọ̀tún ọkàn tuntun, tí kò mọ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí, lè dákú lórí tábìlì. Wọ́n yọ eyín méjì tó ti jẹrà. Egbò kékeré kan tí bàtà họ sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ méje kó tó pa, wọn kò sì tún fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì títí ó fi pa, nítorí egbò tó ṣí lónìí ni ọ̀nà tí kòkòrò máa gbà wọlé nígbà tí oògùn bá ti so ọmọ ogun ara lọ́wọ́.

Ohun méjì kan wà tí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn láti ilẹ̀ wa kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ní kòkòrò ààyè nínú. Lẹ́yìn ìpààrọ̀, kò tún ṣeé gbà mọ́, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ló yẹ kó ti wọlé. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ń sùn sára rẹ̀ fi hàn pé ó wà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ isoniazid 300 mg lójúmọ́ pẹ̀lú vitamin B6, èyí tó ṣe kókó fún alátọ̀gbẹ, torí àtọ̀gbẹ àti isoniazid jọ máa ń jẹ iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ ni. Rifampicin, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ mìíràn, kò ṣeé lò, torí ó lè fọ́ tacrolimus, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ ọkàn tuntun, dànù débi pé ara á kọ ọkàn náà.

Òru tí ọkàn dé

Òfin Íńdíà fi ọmọ ilẹ̀ wọn ṣáájú: àfi bí kò bá sí ọmọ Íńdíà tí ọkàn náà bá mu ni àlejò ń rí i gbà. Oṣù mẹ́rin ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi gbé inú yàrá tí wọ́n rẹ́ǹtì nítòsí ọsibítù níbẹ̀, tí wọ́n ń dúró de ọkàn.

Dapagliflozin ló dá wàhálà àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ìlànà ní kí aláìsàn dá a dúró ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ta ló wá mọ ọjọ́ tí ọkàn máa dé? Aago 11 alẹ́ ni wọ́n pè é, ó sì ti lo ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọkàn náà kò ju wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láìní ẹ̀jẹ̀ nínú, èyí tó dára, torí wákàtí mẹ́rin ni wọ́n máa ń sá fún. Ó lù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní wákàtí kẹsàn-án lẹ́yìn abẹ, ásíìdì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: pH 7.21, bicarbonate 13. Ṣúgà rẹ̀ wà ní 172 mg/dL, iye tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ níbẹ̀, sáàárín 140 sí 180. Ohun tí ènìyàn á kọ́kọ́ rò ni pé ọkàn tuntun ń kùnà, kí a fi oògùn tó ń ti ọkàn kún un. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní kí wọ́n wọn lactate ná, ásíìdì tó máa ń pọ̀ bí ọkàn kò bá ti ẹ̀jẹ̀ tó. 1.8 ni, kò burú. Ó ní kí wọ́n wọn ketone, ásíìdì tó ń ti ara ọ̀rá wá: 4.3 mmol/L.

Dapagliflozin ń da ṣúgà sínú ìtọ̀, nítorí náà ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kì í ga, bẹ́ẹ̀ ara ń yán hànhàn fún insulin, ó sì ń sun ọ̀rá, ọ̀rá ló ń di ásíìdì. Ẹni tó bá wo ṣúgà nìkan á dín insulin kù, á sì tì í sí kòtò. Wọ́n fi dextrose 10% sí i, wọ́n sì pọ̀n insulin lé e, méjèèjì pọ̀, títí ketone fi wá sí ìsàlẹ̀ 0.6 ní wákàtí 20. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà tó rán an lọ ti pinnu pé alátọ̀gbẹ tó bá ti dé ìlú tí wọ́n ti ń dúró de ọkàn yóò fi dapagliflozin sílẹ̀, insulin ni yóò gba ipò rẹ̀. Dapagliflozin máa ń ran ọkàn tó ń rẹ̀ lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ ọkàn tó fẹ́ jáde ni.

Ṣúgà aago mẹ́fà àárọ̀

Ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn abẹ ló padà sí Àkúrẹ́, ó wọn kìlò 70. Oògùn rẹ̀ ni prednisolone 15 mg ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tacrolimus 3 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, mycophenolate 1 g lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ara má bàa kọ ọkàn; co-trimoxazole àti valganciclovir tó ń dènà àrùn, pravastatin fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, isoniazid tó ṣẹ́kù, àti glargine 22 ní alẹ́. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní 104 ní ìjókòó. Dókítà kan tí kò mọ̀ ọ́n fẹ́ fún un ní oògùn láti dín in kù. Kò sí àìsàn níbẹ̀: wọ́n ti gé iṣan tó máa ń sọ fún ọkàn pé kó rọra, nítorí náà 90 sí 110 ni ìsinmi irú ọkàn bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ń wọn ṣúgà rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé dáadáa: 92, 101, 88, 97. HbA1c ọ̀sẹ̀ yẹn jẹ́ 6.1%. Inú gbogbo wọn dùn. Síbẹ̀, ọkùnrin náà ń dìde tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóru, ó sì ti rù kìlò mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì kan ló wọn ṣúgà rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nítorí ìgbà yẹn ni ó ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó rí 318. Ó tún un wọ̀n, 311.

"Màmá, aago mélòó ni ẹ máa ń wọ̀n ọ́n?"

"Kí wọ́n tó jẹun àárọ̀ ni, nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn láti ọdún tí àtọ̀gbẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nìyẹn lóòótọ́, ó sì tọ̀nà nígbà náà. Prednisolone ló yí i padà. Bí a bá mu ún ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ máa tú ṣúgà jáde, kí ẹran ara sì kọ etí ikún sí insulin. Láti ọ̀sán títí di alẹ́ ni agbára rẹ̀ fi ń pọ̀. Tó bá fi di òru, ó ti lọ. Ṣúgà òwúrọ̀ ẹni tó ń mu ún lè dára bí ti ọmọdé, kí ti ìrọ̀lẹ́ máa jóná. HbA1c náà tan gbogbo wọn jẹ: wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára nígbà iṣẹ́ abẹ, wọ́n tún fa àpò ẹ̀jẹ̀ méjì sí i ní ọ̀sẹ̀ keje. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ ti dà pọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n wọ̀n. Ó yẹ kí oṣù mẹ́ta kọjá lẹ́yìn tí a bá fa ẹ̀jẹ̀ síni lára kí a tó fọkàn tán iye yẹn.

Àṣìṣe tó tẹ̀lé e jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ dókítà lè ṣe. Nígbà tí wọ́n rí 318, wọ́n gbé glargine alẹ́ lọ sí 30. Ní òru kejì, aago mẹ́ta, ìyàwó rẹ̀ jí, ó bá a tí aṣọ rẹ̀ rin gbingbin fún òógùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara mọ́. Ṣúgà jẹ́ 48. Insulin tí wọ́n kún lọ bá òru, níbi tí prednisolone kò sí mọ́. Ìrọ̀lẹ́ tó nílò rẹ̀ kò rí i gbà.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí insulin bá prednisolone rìn. Wọ́n dín glargine sí 14, wọ́n fi NPH, irú insulin tí kì í pẹ́ lára tó glargine, kún un ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ní ìṣẹ́jú kan náà tó ń gbé prednisolone mì, torí bí NPH ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti prednisolone mu. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ìwọ̀n 0.1 fún kìlò ara kọ̀ọ̀kan, lórí prednisolone 10 mg kọ̀ọ̀kan, kó má sì kọjá 0.4. Fún kìlò 70 àti 15 mg, ó jẹ́ bíi 10. Wọ́n ń wọn ṣúgà lẹ́ẹ̀mẹrin: kó tó jẹun àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, àti kó tó sùn. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà, ti ìrọ̀lẹ́ bọ́ sí 160 sí 185. Wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ gàdàgbà pé ọjọ́ tí wọ́n bá dín prednisolone kù ni NPH náà ń dín kù, wọn kì í dúró de ìpàdé tó ń bọ̀.

Nípa iná tí kò dúró: insulin tó ti ṣí lè wà níta fún ọjọ́ 28 bí ibẹ̀ kò bá ju ìwọ̀n gbígbóná 30 lọ, ṣùgbọ́n yàrá nínú Àkúrẹ́ ní oṣù Kejì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìkòkò amọ̀ méjì ni wọ́n lò, ọ̀kan nínú èkejì, iyanrìn tútù láàárín, insulin nínú ike tó dé pa. Ó dára ju kí a tẹ́ ẹ lórí yìnyín lọ. Insulin tó bá ti dì ti bàjẹ́, kódà bó bá yọ́ padà tó sì dà bí omi tó mọ́.

Kápúsù méje láti kẹ́mísìtì

Ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn abẹ, ẹnu rẹ̀ funfun, ó ń ta á bó bá jẹ ata. Ọmọkùnrin rẹ̀ lọ sí kẹ́mísìtì ní àdúgbò, wọ́n tà fluconazole 200 mg fún un, ọ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ méje. Oògùn gidi ni fún funfun ẹnu. Ẹni tó tà á kò béèrè ohun tí aláìsàn ń lò, ọmọ náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ ọ́.

Ohun tó ń fọ́ tacrolimus nínú ẹ̀dọ̀ gan-an ni fluconazole ń dí lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹfà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè mú síbí, orí ń fọ́ ọ, ṣúgà ìrọ̀lẹ́ ti di 390. Ilé ni wọ́n ti rò pé àtọ̀gbẹ ló tún dé, wọ́n fi insulin kún un. Ní ọsibítù, creatinine, ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ tó ń ga bí kíndìnrín bá ń rẹ̀, ti kúrò ní 1.2 ó ti di 2.3 mg/dL, potassium 6.2. Ẹ̀jẹ̀ fún tacrolimus lọ sí Èkó nínú ìgò olómorí àwọ̀ àlùkò, pẹ̀lú bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Wọ́n fà á kó tó mu ti àárọ̀, torí èyí tí a bá fà lẹ́yìn tó ti mu oògùn kò wúlò fún ìpinnu. Èsì dé ní ọjọ́ kejì: 27 ng/mL. 8.6 ló wà ní oṣù tó ṣáájú, sáàárín 8 sí 12 ni wọ́n sì ń fẹ́ ẹ ní àsìkò yẹn.

Wọn kò dúró de èsì kí wọ́n tó ṣe nǹkan. Wọ́n dá fluconazole dúró, nystatin tí wọ́n ń fi yọ ẹnu rọ́pò rẹ̀, torí kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n fo tacrolimus lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà wọ́n fún un ní ìdajì. Wọ́n dá co-trimoxazole dúró fún ìgbà díẹ̀ torí òun náà ń gbé potassium sókè, wọ́n sì dín valganciclovir kù gẹ́gẹ́ bí kíndìnrín ṣe rí. Calcium gluconate 10% wọlé, 10 mL, láti dáàbò bo ọkàn, lẹ́yìn náà insulin 10 sínú iṣan láti ti potassium padà sínú ẹran ara. Nítorí pé ṣúgà rẹ̀ ti ju 250 lọ, wọn kò fi dextrose tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní wákàtí wákàtí fún wákàtí mẹ́fà.

Apá tó rọrùn láti gbàgbé ni ọjọ́ mẹ́rin tó tẹ̀lé e. Tacrolimus máa ń dí pancreas lọ́wọ́ kó má lè tú insulin jáde bó ti yẹ. Bí ó ṣe ń lọ sílẹ̀, pancreas ń jí. Kíndìnrín tó ti rẹ̀ náà kì í tètè kó insulin dànù, nítorí náà gbogbo èyí tí wọ́n ń gún ń pẹ́ lára. Insulin tó bá ọjọ́ kìíní mu di májèlé ní ọjọ́ karùn-ún: ṣúgà 54 ní ọ̀sán gangan, lórí àwo oúnjẹ tí kò tíì fọwọ́ kàn. Wọ́n wá rí i pé ó yẹ kí wọ́n ti gé gbogbo insulin rẹ̀ sí ìdajì ní ọjọ́ tí wọ́n fo tacrolimus. Creatinine padà sí 1.4 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò padà sí 1.2 mọ́.

Erythromycin àti clarithromycin lè ṣe ohun kan náà, ketoconazole náà lè ṣe é. Ọsàn tí wọ́n ń pè ní grape àti ọsàn gànìngànìn tí wọ́n ń fi sínú àgbo wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Bí ibà bá mú un, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni àkọ́kọ́, kí wọ́n sì wo lílù ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú ECG, ẹ̀rọ tó ń ya ìlù ọkàn sórí ìwé, kó tó lo artemether-lumefantrine tó ń wo ibà, torí òun àti tacrolimus lè jọ fa ìlù ọkàn gùn. Torí ibà Lassa tó máa ń jà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, pàápàá lápá Ọ̀wọ̀, gàrí ilé wọn wà nínú ike onídèérí, kò sí ẹni tó ń sá a sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Káàdì kan wà nínú àpò rẹ̀ báyìí, lédè Yorùbá àti lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ tà á ní oògùn, ìbáà ṣe ti ẹnu, ti ojú tàbí ti ikọ́, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Ó tún wà lórí rẹ̀ pé bí ọkàn yìí bá ń jìyà, ó lè má ro ó ní àyà: iṣan tó ń gbé ìrora ti gé, àtọ̀gbẹ sì lè pa èyí tó bá hù padà lára. Bó bá sọ pé ó rẹ òun, tàbí pé èémí òun kúrú lórí àtẹ̀gùn, ECG, echo àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n ń wo iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ lọ́dọọdún, yálà ó ṣàárẹ̀ tàbí kò ṣe é.

Ní oṣù 16 lẹ́yìn abẹ, prednisolone rẹ̀ jẹ́ 5 mg, NPH 3, glargine 12, tacrolimus inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ 7.1, HbA1c 7.0%. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìyàwó rẹ̀ ń gbé ẹ̀rọ ìwọn ṣúgà lọ bá a ní ibi tó ti ń wọn kòkó.